Ọwọ́ Àwòdì Kẹta

Òjìji mẹ́ta ló wà lórí àwòrán náà, bẹ́ẹ̀ ènìyàn méjì ni Safiyat yà síbẹ̀.

Ó kọ́kọ́ rò pé ojú ló ń ṣe òun. Ó ti jókòó ti tábìlì láti ìdájí, oòrùn sì ti wọlé títí dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbé tákàdá náà sún mọ́ fèrèsé, ó wò ó dáadáa. Ọkùnrin méjì dúró lójúkojú lórí òkè Sóbi, bó ṣe yà wọ́n gẹ́lẹ́, òjìji àwọn méjèèjì sì nà sẹ́yìn wọn lórí àpáta. Ẹ̀kẹta wà láàárín wọn, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì sí ẹni tó ni ín. Safiyat mú ìrésà, ó pa á rẹ́, ó fẹ́ ìdọ̀tí rẹ̀ dànù, ó lọ bu omi mu. Nígbà tó padà dé, òjìji náà ti wà níbẹ̀. Apá rẹ̀ kan ti gbé sókè, bí ìgbà téèyàn bá ń juwọ́ sí ẹni tó mọ̀ láti òkèèrè.

Kò pariwo. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti rí ohun tí ojú Safiyat rí kì í tètè pariwo. Ó da tákàdá náà dojú dé, ó sì lọ gbé ọbẹ̀ bàbá rẹ̀ kaná.

Ilé bàbá rẹ̀ ló ń gbé, nínú agboolé kan lẹ́yìn Ọjà Tuntun, láti ìgbà tí ilé ọkọ rẹ̀ ní àdúgbò Fate ti tú. Bàbá náà ni Àáfà Àbdùlkàdírì. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé yẹn, kí àgbà tó dé sí i lóhùn. Ní báyìí, òun àti ọmọ rẹ̀ nìkan ló ń jí bá ara wọn láàárọ̀.

Iṣẹ́ àwòrán ni Safiyat ń ṣe. Òun ló dá Àwòdì Sóbi sílẹ̀, akọni inú kọ́míìkì tí tọmọdé tàgbà fẹ́ràn. Ahunṣọ ni Àwòdì náà lójú gbogbo ayé, ìsàlẹ̀ òkè Sóbi ló ti ń hun aṣọ òkè. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá kó sínú ewu, ìborùn tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun á di ìyẹ́, á sì fò lọ gbà á.

Bó sì ṣe máa ń rí fún àwọn akọni inú kọ́míìkì, Àwòdì yìí ní ayé ju ẹyọ kan lọ. Èyí àkọ́kọ́ ni èyí tí Safiyat fi kálámù àti tàdáwà dúdú yà nígbà ọmọge, tó ń jáde nínú ìwé ìròyìn kan lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Àwòdì ìgbà náà kì í pẹ́ dé. Ẹni tó bá ń jábọ́ láti òkè, ó ti hán an kó tó kanlẹ̀. Ìwé ìròyìn náà kógbá sílé, ìtàn náà sì dúró síbẹ̀. Nígbà tó ṣe, ilé-iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn ní kó tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, lórí tábùlẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú àwọ̀ mèremère, bí ẹni pé ti àkọ́kọ́ ò ṣẹlẹ̀ rí. Báyìí ni Àwòdì kejì ṣe dáyé. Olójú kan ni, kì í rẹ́rìn-ín, ó sì máa ń pẹ́ dé. Àwọn òǹkàwé gbádùn rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n ní ó jọ ayé tí àwọn ń gbé. Wọn ò mọ̀ pé láàárín ìwé méjèèjì ni Safiyat sin Huda, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo.

Ọmọ ọdún méje ni Huda. Ọjà Ipata ni wọ́n lọ lọ́jọ́ náà. Safiyat gbé àpò iṣu dání lọ́wọ́ ọ̀tún, ó fi òsì di ọmọ rẹ̀ mú. Lọ́rì kan tó já iṣu tán fẹ̀yìn rìn, apá òsì ló sì gbà wá. Kò sí ohun mìíràn nínú ìtàn náà. Safiyat ti wá ohun mìíràn náà títí, kò rí i.

Nígbà tí oṣù tó kọjá ń parí lọ, Fọláránmi, olóòtú ilé-iṣẹ́ Ìbàdàn yẹn, pè é lórí fóònù.

"Safiyat, àwọn òǹkàwé ti ń dàrú o. Àwọn kan ń ka ti àtijọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn kan ń ka ti ìsinsìnyí, wọ́n ń bára wọn jiyàn lórí èwo gan-an ni Àwòdì. Jẹ́ kí àwọn méjèèjì pàdé nínú ìwé kan. Kí wọ́n jà. Kí ọ̀kan kú, kí ọ̀rọ̀ tán."

"Èwo ni kó kú, Bọ̀dá Fọláránmi?"

"Ìwọ lo bí wọn. Èyí tó bá wù ọ́."

Ọ̀rọ̀ náà ò dùn mọ́ Safiyat nínú, ṣùgbọ́n ó gba iṣẹ́. Ó ya òkè Sóbi. Ó ya ọ̀nà tóóró kan tó gun òkè náà lápá ìhín àti lápá ọ̀hún, kí Àwòdì kọ̀ọ̀kan lè ti inú ayé tirẹ̀ gòkè pàdé èkejì. Òwúrọ̀ tó yà wọ́n pàdé gan-an ni òjìji kẹta yọjú.

Bàbá rẹ̀ kò fẹ́ràn iṣẹ́ àwòrán, kò sì fi pamọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló bá a sọ ọ́, nígbà tí Safiyat ṣì wà ní ọmọge. "Safi, wọ́n sọ fún wa pé lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀, wọ́n á ní kí ẹni tó ya ohun ẹlẹ́mìí fẹ́mìí sí i, kò sì ní lè ṣe é. Mo ti jíṣẹ́." Láti ìgbà náà, bó bá fẹ́ wọ yàrá ọmọ rẹ̀, á kọ́kọ́ wúkọ́, kí ọmọ lè ráyè da àwọn tákàdá dojú bolẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbé pọ̀ nìyẹn, láìsí ìjà.

Lọ́jọ́ òjìji yẹn, wọ́n ti kírun Aláàsárì tán, Safiyat ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé, nígbà tó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Safi, àwọn àlejò rẹ dé."

"Àwọn wo ni, Bàbá?"

"Mi ò mọ̀ wọ́n. Wọ́n ṣe sálámà. Ó jọ pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n." "Gbé omi wá."

Safiyat bu omi sínú abọ́, ó gbé e wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọkùnrin mẹ́ta ló jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ìborùn aṣọ òkè sì wà léjìká ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ojú kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní. Ojú téèyàn bá ti yà láìmọye ìgbà, kò lè ṣì í mọ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ kò ní àwọ̀ kankan lára, àfi funfun àti dúdú. Òkùnkùn abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ kì í ṣe òkùnkùn lásán, ìlà wẹ́wẹ́ ni, tí wọ́n gba orí ara wọn kọjá, bí ìgbà téèyàn fi ẹnu kálámù ha á. Ẹnì kejì ní àwọ̀ ní tirẹ̀, àwọ̀ tó tàn ju ohunkóhun nínú ilé náà lọ, ṣùgbọ́n àwọ̀ náà kò jókòó sí ara rẹ̀ dáadáa. Pupa ìborùn rẹ̀ yọ kọjá etí aṣọ, bí ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ yẹ̀. Olójú kan ni. Ẹnì kẹta ni Safiyat kò mọ̀. Ojú Àwòdì ni ojú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìborùn rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé tí wọ́n hun labalábá sí lára, Safiyat ò sì ya irú rẹ̀ rí. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nìkan ló fi pamọ́ sábẹ́ ìborùn náà. Òórùn tàdáwà gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Bóyá Àáfà mọ ohun tó ń wò, bóyá kò mọ̀, kò hàn lójú rẹ̀. Ó ń ja tẹ̀súbáà rẹ̀ ní jẹ́jẹ́. "Ẹ mumi," ó ní. Ẹni àkọ́kọ́ gba abọ́, ó mu, ó gbé e fún ẹnì kejì, ẹnì kejì mu, ó gbé e fún ẹ̀kẹta. Nígbà tí wọ́n dá abọ́ padà fún Safiyat, omi náà kò dín.

Ẹnì kẹta yíjú sí baba àgbà náà. "Bàbá, orúnkún yín ńkọ́? Ti apá òsì yẹn."

Ọwọ́ Àáfà dúró lórí tẹ̀súbáà. Orúnkún náà ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, kò sì tíì sọ fún ẹ̀dá kankan, àní fún ọmọ rẹ̀ pàápàá. "Alhamdulillahi," ó rọra dáhùn. "Níbo lo ti mọ̀ mí?"

"Nínú ilé yìí ni, Bàbá. Ilé yìí kan náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbí."

Ẹni àkọ́kọ́ ló wá tẹrí ba fún Safiyat. Ohùn rẹ̀ kì í ró bí ohùn èèyàn, ṣe ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dé inú orí bí ohun téèyàn kà.

"Ìyá wa, a gbọ́ pé ẹ fẹ́ kí ọ̀kan nínú wa kú."

"Kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi ni ọ̀rọ̀ náà ti wá," Safiyat ní.

"Ọwọ́ rẹ náà ni á ti jáde," ẹnì kejì dá a lóhùn. Kò fi ọ̀wọ̀ kankan sí i. "Èmi sì ni o máa pa. O ò fẹ́ràn mi rí."

"Kò rí bẹ́ẹ̀."

"Kí ló wá dé tí mo fi máa ń pẹ́ dé? Èmi náà ní ìyẹ́. Mò ń rí wọn lókè bí wọ́n ṣe ń jábọ́, mò ń fò bọ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára mi, o sì máa ń jẹ́ kí wọ́n kanlẹ̀ kí n tó dé. Ìwọ á ṣí ojú ìwé lọ síwájú. Èmi ni mo máa ń dúró tì wọ́n."

Kò wá sí Safiyat lọ́kàn rí pé ẹni tóun ń yà ń gbọ́ ìró àwọn tó ń jábọ́ nígbà tí wọ́n bá kanlẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí tó wà nítòsí, ó yíjú sí ẹnì kẹta.

"Ìwọ ńkọ́? Èmi kọ́ ni mo yà ọ́."

"Ẹ̀yin ni, Ìyá Huda."

Ó pẹ́ tí wọ́n ti pè é bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọmọ náà ni ará ilé àti ará òde ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún orúkọ yẹn, bí ẹni ń yẹra fún kòtò lójú ọ̀nà.

"Nínú ayé tèmi, Safiyat kan tó ń gbé ní Fate ló ya ojú mi," ọkùnrin náà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Lọ́jọ́ kan, òun àti ọmọ rẹ̀ lọ sí Ipata. Ó gbé àpò iṣu dání lọ́wọ́ òsì, ó fi ọ̀tún di ọmọ rẹ̀ mú. Lọ́rì kan fẹ̀yìn rìn."

"Apá òsì ló gbà wá," Safiyat sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Apá òsì náà ni. Ọmọ ni wọ́n mú padà wá sílé."

Afẹ́fẹ́ ká aṣọ ẹnu ọ̀nà sókè, ó tún fi í sílẹ̀. Safiyat rí i pé ọwọ́ òsì òun ti di ọwọ́ ọ̀tún òun mú, ó sì fún un pinpin.

"Ó wà láàyè?"

"Ó ti dàgbà. Ọ̀dọ̀ Bàbá ló ń gbé. Bí Bàbá bá fẹ́ wọlé bá a, wọ́n á kọ́kọ́ wúkọ́. Òun ló ń yà mí báyìí, òun ló fún mi ní ìborùn yìí. Ọwọ́ rẹ̀ já gaara, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò rí ẹni kọ́ ọ."

Ó yọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jáde. Ìka mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Àtàńpàkò wà níbi tí kò yẹ kó wà, ìka méjì so mọ́ra, àmì ìrésà sì bo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ojú egbò tí wọ́n ń họ tí kì í ráyè jinná.

"Ọwọ́ ṣòro yà," Safiyat ní. Òótọ́ ló sọ. Òun náà, ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló fi kọ́ ọ, nígbà tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó bá ń ṣe àlùwàlá.

"Nǹkan kan náà ló ń yà lójoojúmọ́. Ọjà Ipata ni. Obìnrin kan ń ṣubú sẹ́yìn sábẹ́ lọ́rì, tákàdá ń fò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, èmi náà ń fò bọ̀. Mo máa ń tètè dé, Ìyá Huda. Mo máa ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yìí kò lè di nǹkan mú. Ọmọ náà á pa á rẹ́, á tún un yà, obìnrin náà á tún ṣubú."

"Òun ló rán ọ wá?"

"Kò mọ̀ pé mo wá. Nígbà tí ẹ ya ọ̀nà tí àwọn méjì yìí máa gbà pàdé, ọ̀nà náà ò mọ̀ pé méjì péré ni. Ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo wa."

"Gbogbo yín? Ẹ ju báyìí lọ?"

Ẹni àkọ́kọ́ ló dáhùn. "A pọ̀ lórí òkè náà, ìyá wa. Àwọn kan wà tí ẹni tó ń yà wọ́n ti dákẹ́. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá wọn dé ni wọ́n dúró sí, òmíràn ṣì gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Wọn ò mọ̀ pé ìtàn àwọn ti tán."

Àáfà mi kanlẹ̀, ó sọ ohun kan lábẹ́lẹ̀ ní èdè Lárúbáwá.

"Bí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì bá kú, ọ̀nà náà á dí," ẹnì kẹta ní. "Ẹ bá mi ya ọwọ́ mi kó tó dí."

Safiyat wọlé lọ mú tákàdá àti kálámù. Iwájú bàbá rẹ̀ níbẹ̀ ló tẹ́ ẹ sí, lórí ẹní, kò sì dà á dojú dé. Àáfà kò gbójú kúrò. Safiyat rẹ kálámù sí tàdáwà, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí òun máa ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ wo tèmi," ẹni àkọ́kọ́ ní, ó na ọwọ́ rẹ̀ sí i. "Ọwọ́ kan náà ni."

Safiyat wò ó. Ọwọ́ tó dára ni, gbogbo ìka ibẹ̀ gún régé. Ṣùgbọ́n ọmọge tí nǹkan kan ò tíì já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí ló yà á. Bí ẹni ń já ọsàn lórí igi ló ṣe ń hán èèyàn lójú ọ̀run. Kò mọ ohun tó ń jẹ́ wíwúwo.

"Kì í ṣe èyí," ó ní. Ó yíjú sí olójú kan náà. "Mú tìrẹ wá."

Ọkùnrin náà kò kọ́kọ́ fẹ́. Nígbà tó wá na ọwọ́ náà, Safiyat rí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti ń yà lọ́dọọdún láìwò ó. Ọwọ́ tó là sílẹ̀ ni, tí iṣan rẹ̀ le, tí ìka ibẹ̀ nà gbọọrọ dé ibi tí ìka lè nà dé, ọwọ́ ẹni tí nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Kò sí ojú ìwé kan tó ti jẹ́ kó padé rí.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà á. Ó ya ọrùn ọwọ́, ó ya àtẹ́lẹwọ́, ó mú ìka kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mọ iye ipá tó yẹ kó wà nínú rẹ̀. Nígbà tó dé ibi ìka, kò yà á ní lílà. Ó yà á ní pípadé, ó pa á dé mọ́ nǹkan kan tí kò yà.

Lápá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, Safiyat rí i tí olójú kan náà ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ náà ti di ẹ̀ṣẹ́. Ó ṣí i, ó tún pa á dé, ó tún ṣí i, lẹ́yìn náà ó kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ sì ń mì.

Ìlà ara ọwọ́ ẹnì kẹta bẹ̀rẹ̀ sí í sún, díẹ̀díẹ̀, bí omi ṣe ń fà nílẹ̀. Ìka kẹfà wọlé. Àtàńpàkò bọ́ sí àyè rẹ̀. Ọkùnrin náà di etí ẹní tó jókòó lé mú, ó fà á, ẹní sì tẹ̀lé e.

"Ó tó," ó ní.

Wọ́n dìde, torí wọ́n ti ń pe ìrun Màgàríbì. Safiyat tẹ̀lé wọn dé ẹnu ọ̀nà. "Bá mi kí i," ó ní. "Sọ fún un pé..."

"Mi ò lè gbé ohun tí wọn ò yà fún mi dání, Ìyá Huda."

"Báwo ló ṣe rí nísinsìnyí? Ta ló jọ?"

"Mi ò rí ojú rẹ̀ rí. Mo máa ń gbọ́ ohùn àwọn ará ilé, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ máa ń wà lẹ́yìn ẹni tó ń ya èèyàn. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀."

Wọ́n rìn gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ síbi tí òjìji ògiri ti ṣú jù, Safiyat ò sì rí wọn níbi tí ògiri parí sí. Nígbà tó padà wọlé, bàbá rẹ̀ ti gbé búta àlùwàlá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì lọ.

"Bàbá, ṣé àlùjànnú ni wọ́n?"

"Mi ò mọ̀. Wọ́n ṣe sálámà kí wọ́n tó wọlé, wọ́n sì mu omi wa. Allah ló mọ gbogbo ohun tó dá." Ó gbé búta láti ọwọ́ kan sí èkejì. "Safi, o gbọ́ ohun tó sọ? Pé mo máa ń wúkọ́ fún un?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

Baba àgbà náà mirí, ó sì jáde lọ ṣàlùwàlá.

Lọ́jọ́ kejì, Safiyat pe Fọláránmi pé kò sí Àwòdì kankan tó máa kú.

"Kí ni wọ́n á wá ṣe lórí òkè náà?"

"Wọ́n á pàdé. Wọ́n á jókòó sọ̀rọ̀. Kálukú á sì padà sí ayé tirẹ̀ láti ibi tó gbà wá."

"Ta ló máa ka ìyẹn, Safiyat?"

"Ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀, Bọ̀dá, kí ẹ kọ́kọ́ kà á fúnra yín."

Fọláránmi kùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà.

Safiyat pinnu pé Àwòdì olójú kan á tètè dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ìwé náà, Ipata ló sì máa fi ìyẹn sí. Kò tíì tẹ ọjà yẹn láti ọjọ́ Huda. Ṣùgbọ́n kò ṣeé fi orí yà, àfi kó lọ wò ó. Ó lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, pẹ̀lú tákàdá àti pẹ́ńsùlù.

Ipata ò yí padà. Lọ́rì tò síbẹ̀, kẹ̀kẹ́ Márúwá ń gba àárín wọn, òkìtì iṣu kún ibi gbogbo, erùpẹ̀ sì ń bọ́ lára iṣu bí wọ́n ṣe ń jù ú sílẹ̀. Safiyat dúró síwájú òkìtì obìnrin oníṣu kan tó ń jẹ́ Talatu, ó tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀. Ó rìn sẹ́yìn díẹ̀ kó lè rí orí lọ́rì tó wà níwájú rẹ̀ tán. Ó tún rìn sẹ́yìn. Ariwo kẹ̀kẹ́ ò jẹ́ kó gbọ́ lọ́rì mìíràn tó ń fẹ̀yìn bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Gìgísẹ̀ rẹ̀ kọ iṣu kan, ilẹ̀ yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì rí ọ̀run gbalaja. Ó rí tákàdá rẹ̀ tó ń fò lọ lókè.

Ọwọ́ kan di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

Kò fà á bí ẹni ń já èso. Ó wúwo, ó le, ó dun egungun. Ó gbé e kúrò nílẹ̀, ó sì jù ú sórí òkìtì iṣu Talatu. Táyà lọ́rì náà kọjá lórí ibi tí orí rẹ̀ ìbá wà, ó tẹ tákàdá náà mọ́ erùpẹ̀, kó tó dúró. Àwọn èèyàn ti ń sáré bọ̀.

Talatu ló gbé e dìde, ó ń gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ nù. "Ọkọ rẹ dà?" ó bi í.

"Ta lọkọ mi?"

"Ọkùnrin tó fà ọ́. Aláṣọ ewé." Talatu wo ọ̀tún, ó wo òsì, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. "Ibí ló dúró sí. Ibi tí mo dúró sí yìí gan-an."

Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé Safiyat. Ìyá Huda tó kú lọ́hùn-ún, àpò iṣu ló gbé dání lọ́jọ́ tirẹ̀, kò mú tákàdá kankan. Obìnrin tí ọmọ náà ń yà lójoojúmọ́, tó ń pa rẹ́, tó tún ń yà, kì í ṣe ìyá tó ti sin. Ìyá tó ṣì kù ni, Safiyat gan-an. Ọmọ náà ti ń wò ó bó ṣe ń ṣubú láti ìgbà tí Safiyat ò tíì lálàá pé òun á tún tẹ Ipata, kò sì rí ohun kan ṣe sí i, torí pé kò mọ ọwọ́ yà.

Ìka márùn-ún ló sàmì dúdú sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó ń ṣe àlùwàlá ìrun Aláàsárì nílé, ó fi omi fọ̀ ọ́, kò lọ. Àáfà rí i. Safiyat sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, kò bù, kò sì fi kún un. Àáfà di ọwọ́ náà mú, ó wo àwọn àmì náà pẹ́, ó fi ìka tirẹ̀ lé wọn lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Ya nǹkan fún ọmọ náà."

"Kí ni kí n yà, Bàbá?"

"Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń yà. Ohun tí ìyá máa ń fún ọmọ."

Safiyat jókòó ti tábìlì títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ya ọmọbìnrin kan tó jókòó sídìí iṣẹ́. Ó ya ìmọ́lẹ̀ fún un níwájú, kì í ṣe lẹ́yìn. Ó ya abọ́ oúnjẹ tí wọ́n dé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ya ìyá kan tó dúró nítòsí àga, tó gbé ọwọ́ lé e léjìká. Ó ya gbogbo ìka ọwọ́ náà yékéyéké, kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ lè rí i kọ́. Ojú ọmọ náà nìkan ló fi sílẹ̀ ní òfìfo. Ojú ọmọ ọdún méje ló mọ̀, ọmọ yìí sì ti kúrò níbẹ̀. Ó fi tákàdá náà sílẹ̀ lórí tábìlì, ó lọ sùn.

Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ó bá bàbá rẹ̀ ní ìdúró nínú yàrá náà. Bàbá gbé tákàdá náà dání pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

"Safi, ṣé ìwọ lo ya ojú yìí?"

Safiyat sún mọ́ ọn. Ojú wúńdíá kan ni, iwájú orí rẹ̀ fẹ̀ bíi ti ìyá Safiyat tó ti dolóògbé, ó fi eyín tẹ ètè ìsàlẹ̀ bí ẹni tí iṣẹ́ wọ̀ lára. Ìlà ibi etí rẹ̀ ò dáni lójú, wọ́n ti pa á rẹ́, wọ́n sì tún un yà. Ojú rẹ̀ méjèèjì ò wo tábìlì. Ó gbé wọn sókè sí ìyá tó dúró tì í.

"Rárá, Bàbá."

Àáfà Àbdùlkàdírì fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà. Tàdáwà ibẹ̀ ò tíì gbẹ. Ó wo ìka rẹ̀ tó ti dúdú, kò sì nù ún.